“O” Tí Kò Lè Jáde Lẹ́nu Mi ní Salamanca

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí mo ti ń gbé e sùn, tí mo sì ń gbé e jí. Màmá tó ni ilé tí mò ń gbé ní Salamanca, lórílẹ̀-èdè Spéìn, ni wọ́n sọ ọ́ fún mi nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ní ọjọ́ kẹfà tí mo débẹ̀: «Tutéame, hija, que me haces vieja.» Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ lédè wa, ohun tí wọ́n wí ni pé: “Máa sọ ‘o’ sí mi, ọmọ mi, o ń sọ mí di arúgbó.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi ni n kò lè rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹgbẹ́ màmá mi ni àkọ́bí wọn. Èmi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n tọ́ ní Ìbàdàn, níbi tí ọmọdé ti lè jẹ ìgbátí nítorí “o” kan ṣoṣo tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ta ni í sì bínú nílé wa pé wọ́n pe òun ní àgbà? Àdúrà la fi ń ṣe: ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà ni mo ti rò pé wúrà ni mò ń gbé lé wọn lọ́wọ́. Òkúta ni wọ́n ń rí gbà.

## Bàbá tó bu búrẹ́dì sí méjì

N kò ní sọ ti físà àti ti owó ọkọ̀ òfuurufú; ẹni tó bá ti dán an wò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán ọjọ́ tí mo dé, mo wọ bọ́ọ̀sì ní pápákọ̀ òfuurufú Barajas ní Madrid. Bàbá àgbàlagbà kan wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí wọ́n tó jókòó, wọ́n kí gbogbo àwa tó wà nítòsí, «Buenas tardes.» Ara mi balẹ̀ díẹ̀, torí wọ́n ti sọ fún mi ní Èkó pé òyìnbó kì í kí èèyàn.

A kọjá Ávila, ilẹ̀ wá tẹ́ lọ rẹrẹ. Koríko ti gbẹ, igi tí wọ́n ń pè ní encina sì dá dúró níbí, ó dá dúró lọ́hùn-ún, bí igi ẹmì nínú ọ̀dàn. Bàbá náà tú búrẹ́dì gígùn kan tí wọ́n fi ẹran há láàárín. Kí wọ́n tó gé e jẹ, wọ́n yíjú sí mi: «¿Gusta?»

Ohun tí mo mọ̀ ní kíláàsì ni pé ọ̀rọ̀ yẹn jẹ mọ́ kí nǹkan wu èèyàn. Mo rò pé wọ́n ń bi mí bóyá ìlú wọn wù mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bu búrẹ́dì náà sí méjì, wọ́n fún mi ní ìdajì. Ebi ti ń pa mí láti òwúrọ̀, mo gbà á, mo jẹ ẹ́, ó dùn. Màmá onílé ni wọ́n wá là mí lóye lọ́jọ́ kejì. Àṣà àwọn àgbà ibẹ̀ ni: ẹni tó bá fẹ́ jẹun lójú ẹlòmíì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lọ̀ ọ́. Ẹni tí wọ́n fi lọ̀ á dúpẹ́, á sì dáhùn pé «que aproveche», ìyẹn ni pé kí oúnjẹ náà ṣe é lóore. “Ẹ wá jẹun.” “Á gba ibi ire.” Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi rìn jìnnà tán, ọ̀rọ̀ ilé wa ni mo bá pàdé nínú bọ́ọ̀sì.

Ohun kan wà nínú «gusta» yẹn tí n kò gbọ́ lọ́jọ́ náà. Màá padà sórí rẹ̀.

## Ọ̀rọ̀ tí mo gé kúrú

Ní Spéìn, ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Tú dà bí “o” wa. Usted ni mo fi sípò “ẹ”. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ usted ní kíláàsì ní Èkó, inú mi dùn bí ẹni tó rí ará ilé lájò, nítorí Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀ láti fún wa. Ọ̀rọ̀ méjì tí ahọ́n ti lọ̀ pọ̀ ni: vuestra merced, bí ẹni ń sọ pé “ẹ̀yin olóore”. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo usted kì í bá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sọ̀rọ̀ tààrà. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sọ nípa rẹ̀. Bí ìgbà tí a bá béèrè pé “Ṣé Màmá fẹ́ omi?” tí Màmá sì jókòó síwájú wa ni.

Mo gbé usted yìí wọ ilé náà ní àdúgbò Barrio del Oeste, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹrin, mo sì fi kúnlẹ̀ nínú ọkàn mi. Ṣé usted fẹ́ kí n pa iná? Ṣé usted sùn dáadáa? Nǹkan míì tí mo ní láti kọ́ kò le tó èyí: pé agogo méjì ààbọ̀ ni oúnjẹ ọ̀sán, pé alẹ́ kì í di alẹ́ kí agogo mẹ́sàn-án ààbọ̀ tó lù, pé àwọn ṣọ́ọ̀bù á tilẹ̀kùn lọ́sàn-án, ìta á sì dákẹ́ bí ọjọ́ orò. Òtútù òwúrọ̀ ibẹ̀ gbẹ, ó sì mú, nítorí orí ilẹ̀ gíga tó tó nǹkan bí 800 mítà sí òkun ni ìlú náà wà. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, oòrùn á bọ́ sórí òkúta Villamayor tí wọ́n fi kọ́ gbogbo àárín ìlú, ògiri á sì pọ́n bí epo tuntun. Mo fẹ́ràn ìlú náà láti ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́.

Kíláàsì wa wà ní Palacio de Anaya, tó kọjú sí kàtídírà tuntun. Yunifásítì náà ti wà láti ọdún 1218. Mo rò pé ilé ẹ̀kọ́ tó gbó tó bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ ilé usted. Lọ́jọ́ kejì, ọmọkùnrin kan tí kò jù mí lọ na ọwọ́ sókè, ó pe olùkọ́ wa ní orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ ìkómọ, ó ní “tú”. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni olùkọ́ náà, irun wọn ti funfun. Wọ́n dá a lóhùn, wọ́n sì ń bá ẹ̀kọ́ lọ. Èmi nìkan ni ara mi ń gbọ̀n.

Lẹ́yìn tí màmá onílé ti sọ gbólóhùn wọn yẹn, mo gbìyànjú. Mo dúró níwájú dígí nínú yàrá mi, mo ń wí i: ¿quieres agua? Ó jáde níbẹ̀. Tí mo bá dé iwájú wọn, ọ̀nà ọ̀fun mi á dì. “Usted” gan-an kọ́ ni ìṣòro, torí èèyàn lè fò ó. Ìparí ọ̀rọ̀ ìṣe ló máa ń tú àṣírí. Quieres ni ti “o”, quiere ni ti “ẹ”. N kò lè sọ èyí tí wọ́n fẹ́, n kò sì lè sọ èyí tí wọ́n kọ̀. Mo wá gé ọ̀rọ̀ ìṣe kúrò pátápátá. «¿Agua?» «¿Más pan?» «¿Todo bien?» Fún ọjọ́ mẹ́wàá gbáko, orúkọ nǹkan nìkan ni mò ń sọ nínú ilé náà.

Màmá onílé rò pé ara mi kò yá. Lẹ́yìn náà, wọ́n rò pé oúnjẹ wọn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, wọ́n bá dẹ́kun àtimáa se ẹ̀wà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní lentejas, bẹ́ẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọra bá mi sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń bá ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyẹn dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ọ̀wọ̀ tí mò ń tọ́jú fún wọn ló ń mú wọn rò pé mò ń jìnnà sí wọn.

## Orúkọ ilé màmá mi

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá dé Spéìn láti ilẹ̀ wa fún ìgbà pípẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè fún káàdì ìgbélùú kí oṣù kan tó pé. Èèyàn sì ní láti lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú pé inú ilé báyìí ni òun ń gbé. Empadronamiento ni wọ́n ń pè é. Màmá onílé bá mi lọ. Nígbà tí a jókòó tí à ń dúró, mo ń kọ fọ́ọ̀mù, mo fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo. Àyè orúkọ ìdílé kejì ni. Nílẹ̀ wọn, ọmọ á jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá, á sì jẹ́ ti ìyá tẹ̀ lé e, méjèèjì á sì bá a dé sàréè.

Wọ́n nawọ́ sí àyè náà. «¿Y el de tu madre?» Ti ìyá rẹ ńkọ́? Mo ṣàlàyé pé àwa kì í kọ ọ́, pé kò sí nínú ìwé ìrìnnà mi. Wọ́n ní àwọn kò sọ pé kí n kọ ọ́. Àwọn kàn fẹ́ mọ̀ ni. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn àpòòwé kan bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ, wọ́n ń pè é jẹ́jẹ́. Ìlú wo ni? Mo ní Ìkọ̀lé-Èkìtì.

Báńkì ti bi mí ní orúkọ yẹn rí, kí olè má ba à wọ inú àpò owó mi. Ẹni tó bi mí nítorí pé ó fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣẹ̀ wá, n kò rántí ìgbà tí mo rí irú rẹ̀ gbẹ̀yìn.

## Ìrọ̀lẹ́ Sátidé

Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nǹkan bí agogo méje alẹ́ ni, mo wà nínú kíṣíìnì pẹ̀lú màmá onílé. Wọ́n ń gé ànàmọ́ òyìnbó fún tortilla, èmi ń fọ abọ́. Fóònù mi dún, ìyá tó bí màmá mi ló ń pè láti Ìkọ̀lé, lórí WhatsApp, kí a lè máa rí ojú ara wa. Ọmọ àbúrò màmá mi kan ló ń bá wọn di fóònù mú. N kò lè kọ ohùn Èkìtì wọn sílẹ̀ bó ṣe dùn tó, ẹ jẹ́ kí n fi èyí tí gbogbo wa ń kà sọ ọ́.

“Àbẹ̀ní, ta ni arẹwà tó wà lẹ́yìn rẹ yẹn?”

Mo ní onílé mi ni.

“Yí fóònù sí i.”

Mo yí i. Màmá àgbà sún mọ́ fóònù títí ó fi jẹ́ pé iwájú orí àti gèlè nìkan la rí. Wọ́n ní: “O ṣé o. O ṣé tí o gba ọmọ mi sílé. Ṣé ara rẹ le? Ṣé o ti jẹun?”

Màmá onílé nu ọwọ́, wọ́n wo ojú mi, wọ́n ń dúró kí n túmọ̀.

Ojú kan náà ni mo dúró sí. “O” wà nínú gbogbo rẹ̀. Tí mo bá fi usted túmọ̀ rẹ̀, irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá àgbà. Mo ti fi ìdènà tí wọn kò ní sí wọn lẹ́nu. Ẹni tó ń túmọ̀ kò gbọdọ̀ jí ohùn ẹni tó sọ̀rọ̀. Mo la ẹnu, mo gbọ́ ohùn ara mi: «Gracias por recibir a mi niña en tu casa. ¿Estás bien? ¿Has comido?»

Ohun tó ti há sí mi lọ́fun láti ọjọ́ mẹ́wàá jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ní orúkọ ẹlòmíì. Màmá onílé kò wò mí mọ́. Wọ́n sún mọ́ fóònù, wọ́n tẹ̀ ba títí ojú wọn fi kò ojú ìyá àgbà, wọ́n ní: «¿Y tú, guapa? ¿Cómo estás tú?» Ìwọ náà ńkọ́, arẹwà? Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dun àwọn méjèèjì. Ìyá àgbà béèrè ohun tí ó ń gé yẹn, wọ́n sì ní kí n sọ fún un pé iṣu dára jù ú lọ fún eegun. Èmi ń gbé “o” láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, n kò sì mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí màmá onílé padà sídìí iná, mo sọ ìṣòro mi fún ìyá àgbà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní:

“Kí ni mò ń sọ sí bàbá mi, ‘o’ àbí ‘ẹ’?”

Mo mọ̀ ọ́n. Èdè Èkìtì àtilẹ̀wá kì í fi “ẹ” yà àgbà sọ́tọ̀. Mo ní “o” ni.

“Tó bá ń ti oko bọ̀, èmi ni mo máa ń sáré pàdé rẹ̀. N ó kúnlẹ̀, n ó gba ẹrù orí rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀, ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ títí ó fi sùn. ‘O’ ni mo sọ sí i títí di ọjọ́ yẹn. Ṣé n kò bọ̀wọ̀ fún un ni?”

## Ohun tí mo gbọ́, tí mo dákẹ́ sí

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá nígbà tí àbúrò màmá mi wá sí ilé wa ní Ìbàdàn láti Ìkọ̀lé. Ní òwúrọ̀, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó ní: “Ṣé o jí dáadáa?” Gbogbo pálọ̀ dákẹ́. Nígbà tí àǹtí jáde, wọ́n ní ará Èkìtì kò ní ẹ̀kọ́. Kò sí ẹni tó rántí pé ó kúnlẹ̀. Àǹtí yìí kan náà ló dúró ti ìyá bàbá mi nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ́, ó ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀, ó ń gbé wọn bọ̀, fún odindi oṣù kan. Mo wà ní pálọ̀ yẹn, mo gbọ́, n kò sì sọ nǹkan kan. Láti ìgbà náà, tí wọ́n bá bi mí níléèwé, ọmọ Ìbàdàn ni mò ń jẹ́, mo sì ń fi Ìkọ̀lé pamọ́.

Mo ti ń ro bí “ẹ” ti Ọ̀yọ́ ṣe di òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọmọ Yorùbá. Ìwé ni. Ọmọ Ọ̀ṣogùn ni Samuel Àjàyí Crowther, ohùn apá Ọ̀yọ́ sì ni Yorùbá tí a ń kọ sórí ìwé gbà gẹ́gẹ́ bí ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, n kò sì lè kọ ohun tí mò ń kọ yìí láìsí wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọn kò kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ dà bí ẹni tí kò ní ìwà. Salamanca gan-an mọ nǹkan nípa èyí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti tẹ ìwé gírámà èdè Castilla, ìyẹn èdè Spéìn tí a mọ̀ lónìí, tí Antonio de Nebrija kọ jáde ní 1492. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ọba León ni ìlú náà wà láyé àtijọ́, èdè León sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lẹ́nu àwọn èèyàn ibẹ̀.

Mo tún padà sọ́dọ̀ bàbá inú bọ́ọ̀sì. «Gusta» ni wọ́n wí; wọn kò sọ «gustas». Ẹni ọgọ́rin ọdún, bí mo ṣe wò wọ́n, fi usted bá èmi ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nítorí pé mo dàgbà. Nítorí pé wọn kò mọ̀ mí ni. N kò gbọ́ ọ nígbà náà, torí etí Ìbàdàn ni mo fi ń gbọ́. Usted kì í ṣe àkàbà ọjọ́ orí bíi ti “ẹ” wa. Ẹnu ọ̀nà ni, láàárín àwọn tí kò tíì wọlé ara wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi jẹ oúnjẹ màmá onílé, mo sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọ wọn ń sùn sí tẹ́lẹ̀, mo sì ń sọ fún wọn láti òwúrọ̀ di alẹ́ pé n kò mọ̀ yín.

Síbẹ̀, n kò gba gbogbo gbólóhùn wọn. Pé orúkọ àgbà jẹ́ ohun tí èèyàn ń sá fún, n kò gbà, n kò sì rò pé màá gbà láé. Ṣùgbọ́n mo ti ń ronú sí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bóyá ohun tí wọ́n gbọ́ nínú usted mi ni pé mo ti gbé wọn sórí àga gíga kan níbi tí ẹnikẹ́ni kì í bá wọn ṣeré mọ́. Ṣé àwa náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Mo sọ “ẹ” sí ìyá ìyá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lórí fóònù, láìṣì í rí. Ọdún mẹ́ta ni n kò fi dé Ìkọ̀lé kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú wá síbí.

Ọmọ Kúbà kan wà ní kíláàsì wa, ará Matanzas. Nígbà tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó fi ọwọ́ kan àyà, ó ní “moforibale”. Mo ní kí ó tún un sọ. Mo forí balẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bọ òrìṣà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí àgbà nílé òrìṣà wọn nìyẹn, “moyubá” náà sì wà, mo júbà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà pàdánù èdè tí a fi ń ná ọjà, “o” àti “ẹ” sì ti lọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ọmọ wọn. Tú ni ọmọkùnrin yìí ń sọ sí ìyá rẹ̀. Iwájú orí tó kan ilẹ̀ kò lọ.

## Búrẹ́dì

Alẹ́ Sátidé yẹn kan náà, a jókòó ti tortilla. Epo ólífì ṣì ń hó lórí rẹ̀. Mo rí i pé búrẹ́dì wọn ti tán nínú àwo. Mo dìde, mo lọ gé e ní kíṣíìnì, mo padà wá.

Mo ní: «¿Quieres pan?»

O fẹ́ búrẹ́dì? Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe ìyá àgbà. Wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní «Un poco», díẹ̀, wọ́n sì sún àwo wọn sí mi. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e kalẹ̀, orúnkún mi sì ti tẹ̀ kí n tó mọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n bi mí bóyá a lè rí iṣu rà ní Salamanca. Mo ní mo rò pé èèyàn lè rí i ní Madrid. Wọ́n ní ká lọ wá a lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ìyá àgbà má ba à bá wọn jà.